Ìwé Pélébé Tí Ó Wà Lára Wáyà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àgbà sọ ní Ìkòròdú, tí a sì tún sọ ní Ẹ̀pẹ́

A mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ìdí ẹ̀rọ wá sí kíláàsì yìí tààrà, ẹlòmíràn sì ti ìdí ọjà wá. Oorun ń kun ojú yín. A kò ní pẹ́ jù.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, a bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ máa kà. Ẹnì kan ní Bíbélì ni. Ẹnì kan ní Kùránì tí a tú sí Yorùbá ni. Ìyá kan ní àwọn fẹ́ máa ka orúkọ tí ó bá jáde lójú fóònù àwọn, kí ọmọ má bàa máa kà á fún àwọn mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdí gidi ni. Lónìí a mú ìwé kan wá tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dárúkọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pé ogún. Wọ́n máa ń so ó mọ́ wáyà iná, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ púlọ́ọ̀gì. Àwọn tí ń ṣe é ń pè é ní táàgì, àwa náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó máa ń wà lára rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, orúkọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, àti bóyá ẹ̀rọ náà yege tàbí kò yege. Ẹni tí ó bá lè ka ọjọ́ àti orúkọ lè kà á. Gbogbo yín lè ka ọjọ́ àti orúkọ. Nítorí náà gbogbo yín lè kà á.

Àwa tí a wà ní ìhà ìhín yìí kì í ṣe àlejò iná. Ilé iṣẹ́ iná Egbin wà létí ọ̀sà ní Ìkòròdú níhìn-ín. Ọdún 1985 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni a ṣe sí i. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220. Ẹ fi ìṣirò yín dán an wò: 220 lọ́nà 6, ẹ ó rí 1,320. Ní ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń ṣe é, síbẹ̀ àwa náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé a ń bá iná gbé lójoojúmọ́, a ń fọwọ́ kàn án, a ń fi wáyà rẹ̀ wọ́ ilẹ̀ níbi iṣẹ́, a kò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá mọ ọjà ẹja ní Olúwo mọ bí ilẹ̀ ti máa ń rí lẹ́yìn tí ọjà bá ti kún. Omi ẹja, omi yìnyín, omi òjò, gbogbo rẹ̀ a máa ṣàn pọ̀. Ìyá yìí ní fírísà méjì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń kọ orúkọ ohun èlò sí ojú pátákó, wọ́n ní, “Tíṣà, fírísà mi kejì máa ń jẹni o.”

A ní, “Ó ń jẹni báwo, Ìyá?”

Wọ́n ní, “Bí òjò bá rọ̀, tí mo bá fi ọwọ́ tútù kan ìdérí rẹ̀, yóò jẹ mí dé ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìwà rẹ̀. Mo ti gbé pákó síwájú rẹ̀, mo sì máa ń wọ sílípáàsì. Ọmọ tí ń bá mi tajà náà ti mọ̀ ọ́n.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ní irú rẹ̀ nílé tàbí níbi iṣẹ́. Télọ̀ kan ní áyọ́ọ̀nù òun náà ń jẹni. Wẹ́dà kan ní ti òun kì í jẹni, pé gbígbá ni ó máa ń gbáni. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìwà ajá ilé.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ikú wà. Ara fírísà jẹ́ irin. Iná kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe lára irin ìta yẹn. Inú wáyà ni ọ̀nà tirẹ̀, àti inú mọ́tọ̀ tí ń mú kí fírísà tutù. Bí ẹ bá bá iná lára irin ìta, ó ti já kúrò lọ́nà ni, ó sì ń wá bí yóò ti dé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan irin náà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tútù ti di ọ̀nà fún un. Nígbà tí Ìyá ní ó ń jẹ àwọn díẹ̀, pákó àti sílípáàsì ni ó ń dá ìyókù dúró. Ní ọjọ́ tí pákó bá rin gbingbin, tàbí tí ọmọ kan bá sáré wọlé láìwọ bàtà, fírísà náà kò ní yí padà, iná náà kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ díẹ̀ mọ́.

Iná tí ń pa ènìyàn kò tó bí ẹ ti rò. Púlọ́ọ̀gì wa lè gbé ámpì 13. Ẹ mú ámpì kan ṣoṣo, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Bí nǹkan bí 50 nínú 1,000 yẹn bá gba àyà ènìyàn kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tó láti da ìlù ọkàn rẹ̀ rú. Fólítì 230 ni iná ilé wa. Ó ju èyí tí ó tó fún un lọ bí ara bá tutù.

A ní kí Ìyá pa fírísà náà. Wọ́n ní, “Bí mo bá pa á, ẹja mi ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò ní ẹja nínú fírísà ni ó ń rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà ní kí wọ́n kó o sínú tòun di ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa á.

Oníṣẹ́ iná tí a mú lọ kò kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ kankan jáde. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ó tú u. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ilé yín: ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Wáyà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀ bí ara ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irin. Wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kọfí ni iná ń gbà wọlé. Búlúù ni ó ń gbà padà. Aláwọ̀ ewé tí ó ní ìlà ofeefee lára ni wáyà ilẹ̀. Nínú wáyà àtijọ́ ẹ lè bá pupa, dúdú, àti aláwọ̀ ewé lásán. Nínú púlọ́ọ̀gì Ìyá, wáyà kẹta yìí kò sí. Wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti fi téèpù wé ojú rẹ̀.

Ta ni ó gé e? Ẹni tí ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì náà ni. Kì í ṣe ọ̀tá Ìyá. Ó rí i pé bí wáyà kẹta bá wà, fírísà ń tutù, bí kò bá sì sí, fírísà ń tutù. Ó rò pé kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà ilẹ̀ dà bí gọ́tà. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ta ni ó ń ronú gọ́tà? Ọjọ́ tí iná bá já kúrò lọ́nà ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kó iná náà lọ sínú ilẹ̀ kí ó tó dé ara ènìyàn. Iná púpọ̀ tí ó bá gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò já fíúsì, ẹ̀rọ yóò sì kú. Ẹ̀rọ ni ó kú, ènìyàn kò kú.

Èyí mú wa dé orí fíúsì. Nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fíúsì kékeré kan wà tí a kọ nọ́ńbà sí lára: 3, 5, tàbí 13. Ẹ kà á. Èyí tí a kọ 13 sí lè gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ iná tó wáàtì 2,990, nítorí pé 13 lọ́nà 230 ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín kò nílò 13. 3 tó o. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúsì. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìṣó ṣe é. Ìṣó kò ní já láéláé. Wáyà ni yóò jó, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná wa. Lẹ́yìn tí ó rí púlọ́ọ̀gì, ó yí fírísà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Eku ti jẹ rọ́bà wáyà níbi tí ó ti wọ inú mọ́tọ̀, irin pupa inú wáyà sì ń kan ara fírísà. Ojú lásán ni ó fi rí èyí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa sọ pé ojú ni ó ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àbùkù ẹ̀rọ iná, kí wọ́n tó mú ẹ̀rọ ìwọ̀n jáde rárá. Nítorí náà ẹ̀yin náà lè ṣe apá yìí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ná. Ẹ wò ó bóyá ó là, bóyá ó dúdú bí ẹni pé ó ti jóná. Ẹ wo ọrùn wáyà níbi tí ó ti wọ púlọ́ọ̀gì: bí ẹ bá ti lè rí àwọ̀ wáyà kéékèèké inú rẹ̀, kò dára. Ẹ fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti òpin dé òpin. Bí ẹ bá bá téèpù lójú rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ téèpù. Ẹni tí ó bá sì ń ki wáyà lásán bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ó ń fi igi ìṣáná há a mọ́ ọn, a kò ní bá a jiyàn, àfi kí a bẹ̀ ẹ́.

Apá kejì kì í ṣe ti yín. Oníṣẹ́ iná máa ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wo bóyá wáyà ilẹ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, láti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì títí dé ara irin ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mẹ́gà. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé bí ẹ bá ra ìkòkò tuntun, ẹ ó da omi sí i, ẹ ó sì gbé e sílẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò, kí ẹ tó gbé e ka iná. Iṣẹ́ mẹ́gà nìyẹn. Yóò ti fólítì 500 wọ inú ẹ̀rọ náà, yóò sì wo bóyá iná ń jò sí ara irin ìta. Ó máa ń ti 500, tí ó ju 230 lọ dáadáa, nítorí pé ìkòkò tí omi díẹ̀ kò jò nínú rẹ̀ lè jò bí ó bá kún. Bí nọ́ńbà tí mẹ́gà sọ bá kéré ju mílíọ̀nù kan òòmù lọ, ẹ̀rọ onírin náà kò yege. Ti fírísà Ìyá kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Bí ẹ bá rí àmì kan lára ẹ̀rọ yín, igun mẹ́rin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ẹ má ṣe bẹ̀rù pé kò ní wáyà ilẹ̀. Wọ́n ti wé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí iná má bàa dé ìta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgẹrun àti ẹ̀rọ ìgbẹrun ni ó ní àmì yìí. Ṣùgbọ́n bí ike rẹ̀ bá ti là, ààbò náà ti lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n tún fírísà ṣe, tí mẹ́gà sì sọ pé ó dára, tí oníṣẹ́ iná sì rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù náà ní irin ilẹ̀ tí a rì mọ́lẹ̀ lóòótọ́ níta, ó ní òun yóò kọ táàgì. Ìyá ní, “Fún mi ní bírò náà.” Wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, oníṣẹ́ iná fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: “Fírísà 2. A yẹ̀ ẹ́ wò 12/7/2023. Ó yege. A ó tún un yẹ̀ wò 12/10/2023.” Lẹ́tà “g” inú “yege” dojú kọ òdìkejì. Kò burú.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta. Ní orílẹ̀-èdè Australia àti New Zealand, wọ́n ní ìlànà tí ó sọ iye oṣù. Ibi ìkọ́lé, oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà, oṣù mẹ́fà. Ibi tí wáyà kì í ti í káká rìn kiri lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bìrìtìkó, òfin tí wọ́n ṣe ní 1989, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1990, kò dárúkọ táàgì, kò sì sọ pé ọdọọdún. Ó kàn sọ pé kí wọ́n tọ́jú ohun èlò iná kí ó má ṣe ewu. Síbẹ̀ táàgì ti di àṣà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fọ ọ́fíìsì lóru ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bébà aláwọ̀ ewé kékeré tí ó máa ń wà lára púlọ́ọ̀gì. Ọmọ ẹnì kan nínú yín ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a sì fi han kíláàsì. Ní tiwa, bí ibi iṣẹ́ bá ti tutù tó, tí wáyà sì ti ń wọ́ nílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ìgbà yíyẹ̀wò súnmọ́ra. Ṣọ́ọ̀bù ẹja, ibi ìfọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù: oṣù mẹ́ta ni àwa yóò mú, kí a sì máa fi ojú wò ó láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìkòròdú ni ó le jù. A kò ní dárúkọ ibi iṣẹ́ náà, a kò sì ní sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Arábìnrin kan ní kíláàsì wa ní Ìkòròdú ń gbálẹ̀, ó sì ń fọlẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan. Táàgì wà lára gbogbo ẹ̀rọ wọn níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Tẹ́lẹ̀ ó rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí ó mọ ìwé kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí ó ti ń fọlẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ka ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “A yẹ̀ ẹ́ wò 8/1/2024. Ó yege.” Ó dúró. Oṣù kìíní kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn dé. Òun ni ó bá wọn tú páálí rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, ó sì rántí nítorí pé wọn kò tíì san owó oṣù, ó sì ń wá owó àgbò. Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí oṣù kẹfà. Báwo ni wọ́n ṣe yẹ ẹ̀rọ wò ní oṣù márùn-ún kí ó tó dé?

Ó bi ọ̀gá tí ó wà lórí wọn. Ọ̀gá ní, “Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà? Ìgbálẹ̀ ni a gbà ọ́ fún.”

Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú un wá sí kíláàsì. Ojú ń tì wá láti sọ èyí, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́: a kọ́kọ́ rò pé òun ni ó ṣì í kà. A ní bóyá 8 kọ́ ni ó rí, bóyá oṣù kẹfà tàbí keje ni wọ́n kọ. Àwa tí a kọ́ ọ ni a kò gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ó padà lọ wò ó, ó sì tún kọ ọ́ wá bákan náà. Ó ní nọ́ńbà ara táàgì náà, òun rí nọ́ńbà kan náà lára ẹ̀rọ mìíràn.

Ó hàn nígbà náà. Ẹni tí ó yẹ ẹ̀rọ wò ní oṣù kìíní ti kó táàgì púpọ̀ sílẹ̀ fún wọn, tí ó ti kọ “Ó yege” sí i ṣáájú. Ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ó bá dé, wọn a lẹ ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá rí táàgì yóò ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá rí táàgì yóò fọkàn balẹ̀. Nítorí náà táàgì tí kò ní yíyẹ̀wò nínú burú ju àìsí táàgì lọ. Irọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni, ó sì ti wọ ara ẹ̀rọ tí ènìyàn ń fi omi lò.

Kíláàsì pín sí méjì. Bàbá kan, àgbàlagbà tí ó ti rí nǹkan, ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, pé iṣẹ́ ṣòro, pé ọmọ mẹ́ta ni ó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn mìíràn ní kí ó kọ lẹ́tà. Àwa kò sọ fún un pé kí ó kọ ọ́ tàbí kí ó má kọ ọ́, nítorí pé kì í ṣe owó oṣù tiwa ni yóò dúró. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé pẹ̀lú bébà méjì, ó ní, “Ẹ bá mi tún un ṣe.” Lẹ́tà náà nìyí, bí ó ti kọ ọ́ lẹ́yìn àtúnṣe:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. A rí i pé ọjọ́ tí ó wà lára táàgì ẹ̀rọ ìdánlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé. Nọ́ńbà rẹ̀ náà sì wà lára ẹ̀rọ mìíràn. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò níṣojú wa. A dúpẹ́.”

Òun àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó fọwọ́ sí i. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀dà kan pamọ́, ó kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ iná mìíràn dé pẹ̀lú mẹ́gà. Ẹ̀rọ mẹ́tàdínlógún ni ó yẹ̀ wò. Mẹ́rin kò yege. Ẹ̀rọ ìdánlẹ̀ yege o! Ohun tí ó burú jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se omi tíì, tí gbogbo òṣìṣẹ́ títí kan ọ̀gá ń fọwọ́ kàn láràárọ̀. Wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ti já nínú púlọ́ọ̀gì. Arábìnrin wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá kì í dá a lóhùn dáadáa bí ó bá kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ mọ̀ pé òfin wà. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 gbé ààbò òṣìṣẹ́ ka orí ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́, àwọn alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì lágbára láti wọlé wò ó. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dá Àjọ Ààbò sílẹ̀ ní 2011. Ní 2015 ni òfin dá àjọ NEMSA sílẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá wá yẹ ẹ̀rọ yín wò, ẹ ní kí ó fi ìwé yẹn hàn yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Òfin 2010 sì wà lórí owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù tiyín, kò sí ọ̀gá tí ẹ ó kọ̀wé sí. Ẹgbẹ́ yín lè dá owó, kí ẹ mú oníṣẹ́ iná kan láti yẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò lọ́jọ́ kan náà. Owó rẹ̀ yóò fúyẹ́. Láàárín méjì, ẹ lè so káàdì tí ẹ̀yin fúnra yín kọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú nìkan ni ẹ fi wò ó, ẹ kọ ọ́ pé “Ojú ni a fi wò ó.” Ẹ má kọ “Ó yege.” Ẹ̀rọ tí kò bá dára, ẹ kọ “Ẹ MÁ LÒ Ó” gàdàgbà, kí ẹ sì gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí ẹ bá gbé e sí kọ̀rọ̀ láìkọ nǹkan sí i, ọmọ iṣẹ́ yóò gbé e jáde lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé.

Ẹ wo ibi tí súìṣì ńlá wà níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì rí i pé ọ̀nà ibẹ̀ là. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú níhìn-ín ní òru. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò jáde. Àwọn àgbà inú yín rántí rẹ̀ jù wá lọ.

Bí iná bá gbé ènìyàn lójú yín, ẹ má ṣe dì í mú, nítorí yóò gbé ẹ̀yin náà. Ẹ pa súìṣì, tàbí kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá ṣe é ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Wáyà orí òpó ńkọ́? Ẹ má súnmọ́ ọn rárá. Bí ó bá ti kúrò lára iná tí kò mí, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì léra lórí àárín àyà rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ gidigidi, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró. Kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767. Nọ́ńbà méjèèjì kò gba owó. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tí ó ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ọkàn lè máa lù ségesège nínú láìhàn sí ojú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tiyín nìyí. Ní ibi iṣẹ́ yín, ẹ wá táàgì kan, kí ẹ da á kọ bí ó ti rí gan-an, nọ́ńbà, ọjọ́ àti orúkọ, kí ẹ má tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Bí kò bá sí táàgì, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà àti ohun tí ojú yín rí. Kí olúkúlùkù sì mú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan wá, èyí tí kò sí lára wáyà mọ́. Àwa yóò mú ohun tí a fi ń tú ìdè wá. A ó tú wọn lórí tábìlì, a ó ka nọ́ńbà ara fíúsì, a ó sì wo ibi tí wáyà kẹta ti ń wọlé. Ìyá ẹlẹ́ja ti ṣèlérí pé àwọn yóò mú èyí tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ wá.